Ilé Tí Tíráákà Rí Lójú Òkun

Ohun tó ń bí mi nínú kò tóbi. Kò ju páálí ìṣáná lọ. Dúdú ni, iná kékeré kan wà lára rẹ̀ tó ń ṣẹ́jú, wọ́n sì kàn án mọ́ abẹ́ ibi tí mo ń ki kọ́kọ́rọ́ bọ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi tí mo ń wà. Bí mo ṣe jókòó tí mò ń kọ èyí, ọkọ̀ náà wà ní ẹ̀yìnkùlé mi, mo so ó mọ́ òpó, nǹkan dúdú yẹn sì ń ṣẹ́jú nínú rẹ̀, ó ń sọ fún àwọn tí n kò rí pé mi ò tíì kúrò nílé. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n wá gba kọ́kọ́rọ́ náà lọ́wọ́ mi kí n tó kọ ọ́ tán. Kí wọ́n máa bọ̀.

Ilé iṣẹ́ kan ló ni ọkọ̀. Ẹ́ńjìnnì méjì ló wà lẹ́yìn rẹ̀. Láàárọ̀ mo máa ń kó òṣìṣẹ́ àti olùkọ́ láti èbúté Igbókòdá lọ sí àwọn ìlú etí òkun, ní ìrọ̀lẹ́ mo máa ń kó wọn padà. Iṣẹ́ tí mo fi tọ́ ọmọ nìyẹn. Mi ò ní òmíràn.

Kí n tó bú ẹnikẹ́ni, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ bú ara mi. Èmi ni mo ní kí wọ́n fi nǹkan dúdú yìí, tíráákà tó ń ṣọ́ ibi tí ọkọ̀ wà, sínú ọkọ̀. Àfọwọ́fà mi ni.

Ó ṣẹlẹ̀ pé ọ̀kan nínú àwa awakọ̀, ọkùnrin kan tí ọwọ́ rẹ̀ yá ju ojú rẹ̀ lọ, sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tó ń fi àjẹ̀ tukọ̀ bọ̀ láti ibi tó ti lọ wo ìgèrè tó fi ń pẹja. Kò kọlù ú o. Kò tilẹ̀ fara kàn án. Ìgbì tó dá sílẹ̀ lẹ́yìn ló dojú ọkọ̀ obìnrin náà dé. A rí ọkọ̀ náà lọ́jọ́ yẹn, a rí àjẹ̀ rẹ̀. Ọjọ́ kejì la tó rí òun.

Ẹni tí kò bá ti ọ̀dọ̀ wa wá lè má mọ ìdí tí inú fi bí wa tó bẹ́ẹ̀. Òfin kan wà lórí omi wa tí ẹnikẹ́ni kò kọ sínú ìwé. Bí o bá ń wa ẹ́ńjìnnì, tí o rí ẹni tó ń fi àjẹ̀ tukọ̀, o ó pa ẹ́ńjìnnì rẹ. Kì í ṣe pé kí o dẹwọ́ eré díẹ̀. O ó pa á, o ó jẹ́ kí ìgbì rẹ kú, ẹ ó kí ara yín, onítọ̀hún á kọjá, kí o tó tún ṣí i. Bàbá mi ló kọ́ mi níṣẹ́, ó sì máa ń sọ pé omi kò ní ẹ̀gbẹ́ títì tí ẹlẹ́sẹ̀ lè yà sí. Ìbáà jẹ́ ìyá arúgbó, ìbáà jẹ́ ọ̀tá rẹ, o ó pa ẹ́ńjìnnì.

Nítorí náà, nígbà tí ilé iṣẹ́ pe ìpàdé lórí ọ̀rọ̀ obìnrin tó kú, èmi ni mo kọ́kọ́ dìde. Mo ní, "Ẹ fi ẹ̀rọ sí wa nídìí. Àwọn mọ́tò orí ilẹ̀ ní in. Kó máa wo eré wa. Ẹni tí kò bá lè bẹ̀rù Ọlọ́run, kó bẹ̀rù ẹ̀rọ." Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi wò mí bí ẹni tó tà wọ́n. Mo ní kí wọ́n wò mí dáadáa.

Wọ́n fi í sí i. N kò ní purọ́, oṣù kìíní dára. Àwọn tó ń sáré dẹwọ́. Mo ń rìn káàkiri èbúté bí ẹni tó bí ọba lọ́mọ.

Ẹ̀yìn náà ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wà ní ọ́fíìsì wọn ní Àkúrẹ́. Òun ni wọ́n fi sídìí kọ̀ǹpútà tó ń wo gbogbo ọkọ̀. Ọmọ tó mọ̀wàá hù ni, kì í pè mí lórúkọ, kì í sì í gbàgbé láti kí mi. Ṣùgbọ́n ọmọ ilẹ̀ gbígbẹ ni. Ní ìlú tó ti wá, inú kànga ni wọ́n ti ń wo omi.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó pè mí, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, sà. Ọkọ̀ yín ti dúró fún ìṣẹ́jú mẹ́ta. Kí ló dé?"

Mo ní, "Ìyá kan ló ń kọjá."

"Ìyá wo, sà?"

"Ìyá kan nínú ọkọ̀ àjẹ̀."

Mo ń gbọ́ bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà. Ó ní, "N kò rí wọn níhìn-ín, sà."

Mo ní, "Èmi rí wọn."

Mo rò pé eré ni. Kì í ṣe eré. Gbogbo ìgbà tí mo bá pa ẹ́ńjìnnì fún ẹni tó ń tukọ̀, ẹ̀rọ náà á kọ ọ́ sílẹ̀ pé mo dúró láìnídìí. Lọ́jọ́ kan mo yà sí ẹ̀gbẹ́ igbó ẹ̀gbà tó wà létí omi láti tọ̀. Ó pè. Mo ní mò ń tọ̀. Ó bẹ̀ mí pé kí n má bínú, àmọ́ ó di dandan kí òun kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀. Títí dòní olónìí, ó wà níbì kan nínú kọ̀ǹpútà wọn pé èmi, bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin, tọ̀ sódò láàárọ̀ ọjọ́ báyìí-báyìí. Kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe?

Èyí tó burú jù ni ohun tó sọ àwọn yòókù dà. Ẹni tí wọ́n bá ti pè lẹ́ẹ̀mẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, wọ́n á fún un ní kúẹ̀rì, ìwé pé kó wá wí tẹnu rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn awakọ̀ fi ṣíwọ́ pípa ẹ́ńjìnnì. Eré tí ilé iṣẹ́ fọwọ́ sí ni wọ́n ń sá o, wọn kò kọjá rẹ̀, ṣùgbọ́n eré tí wọ́n fọwọ́ sí yẹn tó láti bu omi kún inú ọkọ̀ kékeré. Mo fojú ara mi rí bàbá kan tó ń fi igbá gbọ́n omi lẹ́yìn tí ọkọ̀ wa kan kọjá lára rẹ̀. Ó gbójú sókè, kò bú wa. Ó kàn wò wá. Tíráákà tí mo bẹ̀bẹ̀ fún nítorí ẹni tó ń fi àjẹ̀ tukọ̀, òun náà ló tún ń dà á sómi. Mo lọ sí ọ́fíìsì Igbókòdá, mo sọ bẹ́ẹ̀, wọ́n ní àwọn á gbé e yẹ̀ wò. Wọ́n ṣì ń gbé e yẹ̀ wò.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìyẹn ló mú mi gbé gègé. Ọ̀rọ̀ ìyá mi ni.

Ìlú tí wọ́n bí mi sí ti di méjì: èyí tó kù, àti èyí tí òkun ti gbà. Ilé bàbá mi wà nínú èyí tí òkun gbà. Ilé oníyàrá mẹ́rin ni, orí iyanrìn ni wọ́n kọ́ ọ sí, ó sì jìnnà sí òkun nígbà náà débi pé bí a bá fẹ́ wẹ̀ nínú òkun, a ó rìn títí yóò fi rẹ̀ wá. Nígbà tí ìyá mi kú, inú yàrá rẹ̀ la sin ín sí gẹ́gẹ́ bó ṣe fẹ́. Ó ní òun kò fẹ́ sùn níbi tí òun kò ti ní gbọ́ ohùn àwa ọmọ òun. Lẹ́yìn náà ni òkun bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀. Ó wọ ọgbà, ó wọ ilé ìdáná, ó wọ yàrá. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi sọ ọ́ títí pé ká hú u, ká gbé e lọ sí ibòmíràn. Nígbà tí a fi máa fẹnu kò, kò sí ibi tí a fẹ́ gbẹ́ mọ́.

Òpó iná kan ló kù níbẹ̀ báyìí, ó dá dúró nínú omi, ó tẹ̀ díẹ̀. Ohun tá a fi ń mọ àdúgbò wa nìyẹn. Kì í ṣe òkú tèmi nìkan ló wà níbẹ̀, òkú ọ̀pọ̀ ilé ni. Nítorí náà, àwa awakọ̀ tá a jẹ́ ọmọ ìlú yẹn, bí a bá ti dé ibi òpó náà, a ó pa ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ á máa fi eré tó ti sá tẹ́lẹ̀ rọra kọjá. A ó ki ọwọ́ bọ omi, a ó kí àwọn tó wà nísàlẹ̀. Kò gùn. Àwọn tó wá láti ìlú òkè gan-an ti mọ̀ ọ́n. Bí wọ́n bá ń tàkúrọ̀sọ, wọ́n á dákẹ́. Olùkọ́ kan tiẹ̀ wà tó máa ń ṣí fìlà.

Ní Ọjọ́bọ̀, tèmi máa ń gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọjọ́bọ̀ ni ìyá mi kú. Bí mo bá ti já àwọn òṣìṣẹ́ sílẹ̀, tí ọkọ̀ ṣófo, bí mo bá ń padà bọ̀, mo máa ń dúró níbẹ̀ tó ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, mo sì máa ń bá a sọ̀rọ̀. Mo máa ń sọ fún un pé ọmọ báyìí ti yege ìdánwò, pé eyín ń dun ìyàwó mi, pé ẹ̀gbọ́n mi ṣì ń ya alágídí. Ọ̀rọ̀ ilé lásán. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni pé mò ń ṣe bẹ́ẹ̀, n kò sọ fún ìyàwó mi pàápàá. Kì í ṣe ohun ìtìjú. Ohun tèmi ni, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn pé kí n ní ohun kan tó jẹ́ tèmi.

Wọ́n tún pe ìpàdé ní Igbókòdá. Ọmọ Àkúrẹ́ náà wá fúnra rẹ̀, a sì fojú rinjú fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó gbé kọ̀ǹpútà rẹ̀ ka orí tábìlì, ó fi iná tan ohun tó wà lójú rẹ̀ sára ògiri kí gbogbo wa lè rí i. Àwòrán ilẹ̀ ni, irú èyí tí wọ́n máa ń yà láti òkè. Ó fi àmì pupa kéékèèké hàn wá, ó ní ibi tí ọkọ̀ ti dúró ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Nígbà tó kàn mí, ó fà á súnmọ́, ó wá di ńlá.

Ó ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni ọkọ̀ ilé iṣẹ́ máa ń dúró níwájú ilé yìí fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Kì í ṣe ibi tí a gbà yín láyè. Mi ò fẹ́ tọ pinpin ìwà ẹnikẹ́ni, àmọ́ mo gbọ́dọ̀ béèrè. Ta ló wà nílé yìí?"

Ẹ̀rín sọ. Ẹnì kan láti ẹ̀yìn ní, "Bàbá ń jayé!" Òmíràn ní kí wọ́n kí ìyàwó kékeré. N kò tíì wo ògiri nígbà náà. Ojú ń tì mí, mo ń wá ẹni tí mo máa dá lóhùn. Mo wá rí i pé àwọn ọmọ ìlú mi kò rẹ́rìn-ín. Ògiri ni wọ́n ń wò. Ọ̀kan nínú wọn ti ṣí ẹnu sílẹ̀. Mo bá yíjú sí ògiri náà.

Ilé wa ni mo rí.

Ó dúró síbẹ̀ ṣinṣin lórí iyanrìn gbígbẹ. Mo rí òrùlé rẹ̀, gbogbo páànù rẹ̀ ti dípẹtà àfi ẹyọ kan tó ń dán, èyí tí èmi fúnra mi gun òkè lọ kàn nígbà tí atẹ́gùn ṣí ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo rí ilé ìdáná lẹ́yìn. Mo rí igi àgbọn méjì tí ìyá mi máa ń ta okùn sí láti sá aṣọ. Àmì pupa wọn wà láàárín òrùlé náà gan-an, lókè yàrá rẹ̀.

Àwòrán tí wọ́n fi ń ṣọ́ wa ti gbó. Ìgbà tí ìlú ṣì jẹ́ ìlú ni wọ́n yà á. Èmi wà lórí omi, ní ojú tiwọn mo wà lórí òrùlé. Ó ti tó ọdún méje tí mo ti rí ilé náà kẹ́yìn, a kò sì ní fọ́tò rẹ̀ kankan, nítorí àpótí tí fọ́tò wà nínú rẹ̀ bá òkun lọ. Inú yàrá ìpàdé tí wọ́n ti ń fi mí ṣẹ̀sín ni mo ti tún rí i.

Mo ní, "Ìyá mi ló wà nílé yẹn."

Ọmọ náà rọra mí kanlẹ̀. Ó ní, "Ó dára, sà. Ṣé a lè bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù, kí wọ́n kàn jẹ́rìí sí i?"

Mo pariwo. N kò lè sọ fún yín pé mo rọra sọ̀rọ̀ bí àgbà. Mo lu tábìlì, mo ní, "Ìyá mi ti kú! Ilé náà ti kú! Òkun ti gbé ibẹ̀ lọ ọjọ́ ti pẹ́! Ẹ jókòó sí Àkúrẹ́ ẹ̀ ń wò mí, ẹ mọ ìgbà tí mo tọ̀, ẹ kò sì rí omi tó wà lábẹ́ mi! Àwòrán yín ti gbó, ẹ sì ń fi í pè mí ní alágbèrè lójú ọmọ aráyé!"

Ọmọ náà bẹ̀ mí, ó dọ̀bálẹ̀ pàápàá, mo sì mọ̀ pé ó dun ún. Lẹ́yìn náà ó mú bírò, ó kọ ohun tí mo sọ sílẹ̀. Mo rò pé ohun tó dára ló ń kọ.

Ìwé tí ilé iṣẹ́ kọ sí mi lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan bá mi kẹ́dùn nínú ìlà kìíní. Ìlà kejì ní ọkọ̀ kò gbọdọ̀ dúró níbi tí kò bá sí èbúté mọ́, yálà èrò wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí. Ìlà kẹta ní bí ó bá tún ṣẹlẹ̀, wọn yóò gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Mo ka ìlà kẹta yẹn títí. Ọmọ méjì mi ṣì wà nílé ìwé.

Mo gbà. Èmi tí mo lu tábìlì, mo gbà.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí n kò pa ẹ́ńjìnnì níbi òpó, obìnrin kan wà nínú ọkọ̀ tó máa ń se oúnjẹ fún àwọn òṣìṣẹ́. Ọmọ ìlú wa ni, ó sì dàgbà jù mí lọ. Bí a ṣe ń súnmọ́ òpó náà, ó ti na ọwọ́ sílẹ̀ bó ti máa ń ṣe. N kò dẹwọ́. Omi ta ọwọ́ rẹ̀ padà, ó sì dun ún, nítorí ó gbá a mọ́ àyà. Ó wo ẹ̀yìn orí mi fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó sọ̀rọ̀ sínú omi ní èdè wa, ó ní, "Iye, mọ́ bínú o. Ọma rẹ ni. Iṣẹ́ ló wà lọ́wọ́ ẹ̀."

Ó ń tọrọ àforíjì fún mi lọ́dọ̀ ìyá mi. N kò bojú wẹ̀yìn títí a fi dé èbúté. Fóònù kò dún rárá.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń kọjá lójoojúmọ́ fún oṣù kan. Mo kọ́ bí èèyàn ṣe ń wo iwájú nìkan. Ohun tó ń gbé mi ró ni pé mo mọ̀ pé ilé náà wà níbì kan. Ó wà nínú kọ̀ǹpútà wọn. Mo pinnu pé bí ọmọ Àkúrẹ́ yẹn bá tún wá, màá gbé ìbínú mi tì, màá bẹ̀ ẹ́ pé kó tẹ àwòrán náà sórí bébà fún mi. Màá fi kọ́ ara ògiri. Àwọn ọmọ mi á mọ ibi tí ìyá-ìyá wọn sùn sí, àbí kí ni mo ń wí, ìyá bàbá wọn.

Ó wá ní ọjọ́ Ajé tó kọjá yìí láti yẹ àwọn ẹ̀rọ wò. Inú rẹ̀ dùn láti rí mi. Ó ní, "Bàbá, kò sí ẹ̀sùn kankan lórí yín lóṣù yìí. Ọkọ̀ yín kò dúró láìnídìí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀yin lẹ ṣe dáadáa jù."

Mo gbé ìyìn náà mì. Mo sọ ohun tí mo fẹ́ fún un.

Ojú rẹ̀ tún tàn sí i. Ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ sọ fún wa pé àwòrán yẹn ti gbó, sà. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ yẹn, mo sì gbé e débi tó yẹ. Wọ́n ti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ wò ó."

Mo wò ó. Omi ni. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, láti ọ̀tún dé òsì, àwọ̀ omi lásán. Òpó iná gan-an kò hàn níbẹ̀. Ó ní kí n wo bó ṣe mọ́ tó.

Mo ní, "Ṣé ẹ tọ́jú ti tẹ́lẹ̀?"

Ó ní, "Kí la fẹ́ fi ṣe, sà? Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ mọ́."

Òkun gba ilé náà, ó gbà á fún ọdún bíi mélòó kan kó tó gbà á tán. Àwọn wọ̀nyí gbà á láàárín oṣù kan, wọ́n tún ní kí n bá wọn yọ̀. Ẹnu mi ni wọ́n sì ti gbọ́ ọ̀nà ibẹ̀. N kò pariwo lọ́tẹ̀ yìí. Mo dìde, mo kí i, mo jáde.

Àná ni Ọjọ́bọ̀. Mo já àwọn òṣìṣẹ́ sílẹ̀, ọkọ̀ ṣófo, mo ń padà bọ̀. Nígbà tí mo dé ibi òpó, mo pa ẹ́ńjìnnì méjèèjì. Mo ki ọwọ́ bọ omi títí dé ìgúnpá, mo kí ìyá mi, mo tọrọ àforíjì oṣù kan. Mo ti ń sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀ kí fóònù tó dún. Mo jẹ́ kó dún títí. Ó tún dún. Mo nu ọwọ́ mi, mo gbé e.

Ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, bàbá. Ọkọ̀ yín ti dúró. Kí ló dé?"

Mo ní, "Mo yà sílé ìyá mi."

Mo gbọ́ bó ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà. Ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀ nígbà tó tún sọ̀rọ̀, bí ẹni tó fẹ́ kí n ran òun lọ́wọ́ láti rí ohun tí òun máa kọ sílẹ̀. Ó ní, "N kò rí ilé kankan níhìn-ín, sà."

Mo ní, "Èmi rí i."

Mo fi fóònù sápò, mo sì parí ohun tí mò ń sọ fún ìyá mi.